Ẹsẹ̀ Karùn-ún Tábìlì

Inú ṣọ́ọ̀bù,
ọ̀sán Sátidé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ, mo tún fi ọ̀kan lé e. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? O sọ nígbà kan pé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lo fi ń jókòó sórí àga kan tó ń yí, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé káfíńtà wo ló kan àga tí kò lè dúró sójú kan, tí wọ́n sì tún sanwó fún un. Ọlọ́run tó gbé ọ gun orí àga yẹn kò ní jẹ́ kó yí ọ dànù. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka ẹni rere, wọn ò ní ka ọwọ́ tán kí wọ́n tó kàn ọ́. Ìyàwó rẹ tó wà lókè òkun níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àlọ rẹ̀ la rí, a ó rí àbọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Sọ pé àmín. Sọ ọ́ sókè, ìyá rẹ ń gbọ́.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti san, ó ti ń bá mi jà dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ṣì ń jò ní igun tí mo ń kó pákó gbígbẹ sí, ìyẹn ni pé pákó gbígbẹ ti tán ní igun náà. Ewúrẹ́ bí méjì, lẹ́yìn náà ló wá jẹ ìwé tí mo kọ ìwọ̀n fèrèsé oníbàárà kan sí, mo ní láti padà lọ wọn fèrèsé náà lẹ́ẹ̀kejì, oníbàárà ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti fẹ́ máa yí. Bíríkìlà aládùúgbò wa náà kí ọ. Ògiri tó wọ́ ló ṣì ń mọ, ó sì ń sọ fáyé gbọ́ pé ilẹ̀kùn mi ló wọ́.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, o ṣeun, wàá jẹ èrè iṣẹ́ rẹ. Nítorí pé mo mọ iye tí irú rẹ̀ ń jẹ́, mo kan àpótí kékeré kan fún un, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Bó bá ti ń dún, kí n tó rí kọ́kọ́rọ́, ó ti dákẹ́. Ìdí tí o kò fi rí mi bá sọ̀rọ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé mo ń bá ọ ṣe ìjà o.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò gan-an, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin rẹ ni. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Ara rẹ̀ le koko, ó ń jẹun, ó ń sáré, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ, ó sì gbé wọn pa mọ́ sínú àpótí ìṣó mi láìsọ fún mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ wà nísàlẹ̀, rọra kà á.

Nígbà tí o mú un wá fún wa, o ní ọmọ ọdún méje ni, kò níjàngbọ̀n, kí á sáà fún un ní ohun tí yóò máa fi yàwòrán. O kò sọ fún mi pé gbogbo ilé ni yóò yà. Bí ìyá rẹ bá dáná tán, òun ló ń ṣa èédú. Ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ láti Mọ́ńdè dé Mọ́ńdè, ìyẹn ni mo ṣe ń pè é ní Ọlọ́wọ́dúdú, ó sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí ìyá rẹ pariwo lórí ògiri, mo ní kó máa wá sí ṣọ́ọ̀bù, kó máa lo ègé pákó tí mo bá gé kù. Bó bá ti yà á tán, á gbé e wá bá mi, á dúró, á fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á máa wo ojú mi.

O sì mọ òfin ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọdún mẹ́fà ni mo fi sìn wọ́n, wọn kò sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé o káre. Bí iṣẹ́ bá dára, wọn á dákẹ́, wọn á kọjá. Bí kò bá dára, wọn á yọ ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn etí, wọn á fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sí i lójú, èyí tí ẹ̀yin akọ̀wé ń pè ní ẹ́kìsì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tú u, kí o tún un kàn. Lẹ́yìn náà wọn á gbé e kọ́ sára ògiri kí ẹni tó ṣe é lè máa wo àṣìṣe rẹ̀. Èmi náà fi kọ́ ọmọṣẹ́ mẹ́rìnlá. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kan àga, kò sí àga mi tó já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ àfi Bíríkìlà, ẹ̀bi ara tiẹ̀ sì nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí Ọlọ́wọ́dúdú gbé àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ wá, àga ni, ó sì ní ẹsẹ̀ márùn-ún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Márùn-ún ni. Mo yọ ṣọ́ọ̀kì, mo fi ẹ́kìsì sí i, mo kàn án mọ́ ògiri. Èkejì, ewúrẹ́ kan tó ga ju ilé lọ. Ẹ́kìsì. Ẹ̀kẹta, Bíríkìlà láìlọ́rùn. Òótọ́ ni pé Bíríkìlà kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ọwọ́ ń yà. Ẹ́kìsì. Ẹ̀kẹrin, ìyá rẹ ni, iná ń jó lórí irun rẹ̀, ó ní ìbínú ìyá àgbà ló ń jáde. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo nu ojú, mo sì fi ẹ́kìsì sí i, torí kò sí bí irun ènìyàn yóò ṣe máa jó tí yóò dúró jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò jágbe mọ́ ọn o. N kò fọwọ́ kàn án. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀, mo rò pé mo ń kọ́ ọmọ mi níṣẹ́.

Ní àkókò yìí kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ wọn gba tíṣà tuntun kan tó jẹ́ pé àwòrán nìkan ló ń kọ́ wọn. Mo ní ṣé wọ́n ń sanwó oṣù fún ìyẹn náà ni? Obìnrin kékeré báyìí, awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé kì í fún ọmọ ní máàkì. Kò sí mẹ́fà nínú mẹ́wàá, kò sí ẹ́kìsì, kò sí nǹkan kan. Ìbéèrè ló ń kọ sẹ́yìn ìwé wọn. Mo ní tíṣà tó ń bi ọmọ ọdún méje léèrè ọ̀rọ̀, nǹkan ti bàjẹ́, òun gan-an ni kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan ọmọ rẹ mú bébà kan wálé, ó yàwòrán ilé sí i, tíṣà sì kọ ọ́ sẹ́yìn pé: Mo rí i pé inú ilé ni òjò ti ń rọ̀, kò rọ̀ níta. Sọ fún mi nípa rẹ̀. Háà! Mo ní àṣírí òrùlé mi ti dé etí ìjọba. Mo mú bírò, mo jókòó, mo dá a lóhùn bó ṣe yẹ kí ọmọlúwàbí dáhùn, mo ní: Màdáàmù mi, òrùlé ṣọ́ọ̀bù ló ń jò kì í ṣe ti ilé, igun kan ṣoṣo ni, mo sì ti ń gbèrò láti pààrọ̀ páànù rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má jẹ́ kó kọjá ọ̀dọ̀ yín. Ó dá èsì padà pé ẹ ṣeun bàbá, ọmọ náà ni mo bi.

Tíṣà yìí náà ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nínú fóònù fún àwọn òbí, ibẹ̀ ló ń gbé àwòrán àwọn ọmọ sí. Bí àwòrán bá ti bọ́ síbẹ̀, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàńpàkò sí i, àtàńpàkò tẹ̀ lé àtàńpàkò. Àánú wọn ṣe mí. Mo pe ìyá rẹ, mo ní wá wò ó, pẹ̀lú gbogbo aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ìtẹ̀ka ni gbogbo wọn ń tẹ̀. Èmi tí mo mọ̀wé, mo fẹ́ buwọ́ lùwé tèmi, fóònù kò gbà. Ìyá rẹ ní kí n má gbéra ga, bí wọ́n bá ti ń ṣe é nílùú kan la ti ń bá wọn ṣe é. Mo bá lọ bu ọ̀dà dúdú tí mo fi ń kun ẹsẹ̀ àga, mo ti àtàńpàkò bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù, mo sì di í mú títí ó fi gbẹ. Ó gbẹ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa, àtàńpàkò mi ló ń wà ní àárín ojú rẹ̀. Fọ́tò ìyàwó rẹ tó yà nínú yìnyín, etí nìkan la rí.

Ìgbà tó ṣe, Ọlọ́wọ́dúdú yí padà. Ó bẹ̀ mí pé kí n yá òun ní rúlà. Inú mi dùn. Ó fa ìlà gbọọrọ kan, ó fa mẹ́rin sísàlẹ̀, ó gbé e wá. Tábìlì ni. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, orí tó tẹ́jú, igun tó pé. Mo wò ó síhìn-ín, mo wò ó sọ́hùn-ún, n kò rí àbùkù. Mo dákẹ́, mo kọjá. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbé tábìlì wá. Mo dákẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, tábìlì. Mo sọ fún Bíríkìlà pé ọmọ mi ti gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Tábìlì mọ́kànlá ló yà ní ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo wọn rí bákan náà bí ẹni pé inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti jáde. N kò kíyè sí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti funfun. Ìyá rẹ ló sọ ọ́, ó ní láti ìgbà wo ni ọmọ yìí kò ti fi èédú ba aṣọ jẹ́ mọ́? Mo ní ṣé ẹjọ́ nìyẹn? Obìnrin, wọn kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dára.

N kò mọ̀ pé níbi tí mo ti ń yọ̀, orí ti ń fọ́ tíṣà. Ó ní kí wọ́n ya àlá tí wọ́n lá. Ọmọ rẹ ya tábìlì. Ó ní kí wọ́n ya ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Tábìlì. Ó ní kí wọ́n ya ìyá wọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn òkun láti ọjọ́ yìí, tábìlì náà ló yà, ó fi rúlà fà á. Nígbà náà ni tíṣà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé.

Fọ́ọ̀mù náà dára, èdè wa ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní: Bí ọmọ yín bá fi àwòrán rẹ̀ hàn yín, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ fi ẹ́kìsì sí... Ibi tí mo ti rí ẹ́kìsì yẹn ni mo ti kígbe ayọ̀. Mo ní ilé ìwé ti lajú, wọ́n ti gba òfin ṣọ́ọ̀bù! N kò ka ìyókù mọ́, kí ni mo tún fẹ́ kà, ta ló mọ ìlò ẹ́kìsì jù mí lọ? Mo bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ pé: Mo máa ń lù ú. Mo ní èèwọ̀, ìyẹn kò dára, mo fi ẹ́kìsì ràgàjì sí i. Mo máa ń fa ìwé rẹ̀ ya. Ìwà burúkú, ẹ́kìsì. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwùjọ. Ẹ́kìsì, mo tẹ bírò títí bébà fi lu. Mo máa ń yìn ín. Ìyẹn dára, mo dákẹ́, mo kọjá. Nísàlẹ̀ pátápátá wọ́n ní ṣé nǹkan mìíràn wà tí a fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: Báyìí náà gan-an ni mo ṣe fún bàbá rẹ̀, ó sì ti di ènìyàn ńlá.

Lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ àárọ̀ kò tí ì wálẹ̀ nínú mi, mo rí tíṣà, mo rí ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wọn, mo rí ọkùnrin kan tó gbé fáìlì dání tí kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n wá kí mi kú iṣẹ́ ni. Mo gbé àga fún wọn. Ọkùnrin náà ní ìjọba ló rán òun nítorí ọ̀rọ̀ ọmọdé, òun kò jókòó, kí n gbé ohun tí mo fi ń lu ọmọ jáde. Mo ní èmi? N kì í lu ọmọ. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ ń lù ú. Mo ní mo fi ẹ́kìsì sí i! Ó ní òun náà rí i pé ẹ fi ẹ́kìsì sí i! Mo ní ṣebí ẹ́kìsì náà nìyẹn! Ó ní ẹ́kìsì náà mà nìyẹn, bàbá! Bẹ́ẹ̀ la wà, ohùn mi ń ròkè, tiẹ̀ ń ròkè, Bíríkìlà ti gun orí ògiri rẹ̀ tó wọ́ láti máa wòran. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ yé. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ìyẹ̀fun pákó, orúnkún rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san, kò rántí. Ó là á yé wọn pé ní ilé yìí, ohun tí kò bá dára ni baálé mi ń fi ẹ́kìsì sí. Ọ̀gá àgbà fi gèlè bo ẹnu. Ọkùnrin onífáìlì pàápàá, eyín rẹ̀ hàn. A jọ rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Àfi tíṣà. Kò rẹ́rìn-ín. Ògiri mi ló ń wò. Àga ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ẹ́kìsì. Ewúrẹ́, ẹ́kìsì. Bíríkìlà, ìyá rẹ tí iná ń jó lórí, ẹ́kìsì, ẹ́kìsì, wọ́n lé ní ogún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọlọ́wọ́dúdú, ó rọra bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ tábìlì nìkan ló ń yà. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tú ìyẹ̀fun pákó, ó ní tábìlì nìkan ni Bàbá Àgbà kì í kọ̀.

Ọmọ mi o! Ìwọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi lẹ́nu. Inú ló kọ́kọ́ bí mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo ní ṣé ẹ fẹ́ kí n máa pa irọ́ fún ọmọ ni, kí n sọ pé àga ń ní ẹsẹ̀ márùn-ún? Báyìí ni ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, iṣẹ́ mi sì dúró. Tíṣà kékeré yìí ní òótọ́ ni bàbá, torí bí tábìlì yín bá ṣubú, yóò pa ènìyàn lára. Ó ní àwòrán kì í ṣubú lu ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò ní kí n máa yìn ín bí kò bá wù mí, kí n sáà máa béèrè kí n tó dájọ́. Wọ́n dágbére, wọ́n lọ.

Bí wọ́n ti yí ẹ̀yìn, ìyá rẹ wọlé, ó gbé pákó kan jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ wé e. Ó tú u, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ẹṣin ni, èédú ni wọ́n fi yà á, ó ní ìyẹ́ méjì bíi ti ẹyẹ. Ṣọ́ọ̀kì mi sì wà lójú rẹ̀, láti igun dé igun. O kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí o yà á. Mo ti gbàgbé. Ìyá rẹ kò gbàgbé, láti ọjọ́ tí mo ti kàn án mọ́ ògiri ló ti yọ ọ́ tó gbé e pa mọ́. Kò bá mi jà. Ì bá bá mi jà ni, ì bá sàn. Ó kàn bi mí pé, lẹ́yìn ẹṣin yìí, ṣé mo tún rí ọ kí o yàwòrán mìíràn? Mo ronú, mo ronú. Mo rántí ọjọ́ tí o wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo rántí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ. N kò rántí èédú lọ́wọ́ rẹ mọ́.

Mo bu omi, mo rẹ aṣọ sí i, mo ní kí n nù ún kúrò. Ìkánjú àgbà. Ṣọ́ọ̀kì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èédú bá a lọ. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, ojú ẹṣin náà ti wà nínú aṣọ. Mo jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, mo sunkún, bẹ́ẹ̀ ni, èmi, kí o má sì ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni. Bíríkìlà ti mọ̀ ná.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò lẹ́yìn etí. Etí náà ń ṣe mí bákan. Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè, kò rọrùn, ìyá rẹ ní mo ń béèrè bí ọlọ́pàá tó mú olè. Mo já ewúrẹ́ náà sílẹ̀ lára ògiri, mo bi Ọlọ́wọ́dúdú pé jọ̀wọ́, kí ló dé tí ewúrẹ́ fi ga ju ilé lọ? Ó wò mí bóyá inú ń bí mi. Nígbà tó rí i pé inú kò bí mi, ó ní ewúrẹ́ ló wà nítòsí, ilé wà lọ́nà jíjìn. Mo dìde, mo jáde síta, mo di ojú kan, mo fi ìkan wo ewúrẹ́ wa, mo wo ilé Bíríkìlà lẹ́yìn rẹ̀. Ewúrẹ́ ga ju ilé lọ, odidi orí kan! Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, téèpù ìwọ̀n kì í kúrò lápò mi, n kò rí i rí. Lóòótọ́ ni wọ́n sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ṣùgbọ́n tábìlì náà kò dáwọ́ dúró o. Ọ̀sẹ̀ kan, tábìlì. Ọ̀sẹ̀ kejì, tábìlì, rúlà. Mo ń béèrè, ó ń dáhùn pé tábìlì ni, Bàbá Àgbà. Ẹ̀rù bà mí, mo ní mo ti bà á jẹ́, ohun tí mo fi ẹ́kìsì lé lọ kò ní padà mọ́. Mo ní ta ni n ó sọ fún, ìwọ tí mo ti ṣe irú rẹ̀ fún?

Àfi àná. Ó gbé tábìlì wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró. Mo kà á, torí pé ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára láti máa kà. Ẹsẹ̀ márùn-ún. Ìkarùn-ún tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ díẹ̀, kò fi rúlà fà á. Ọwọ́ mi lọ sẹ́yìn etí fúnra rẹ̀, ó bá etí lásán. Mo rọra bi í, mo ní ìyá mi, sọ fún mi nípa ẹsẹ̀ yìí. Ó ní ẹsẹ̀ yín ni. Ó ní ẹ ti wọ abẹ́ tábìlì lọ, ẹ ń kan ìṣó sí i, ìyókù ara yín kò hàn. Mo ní àga ìjọ́sí ńkọ́, èyí tí mo kọ́kọ́ fi ẹ́kìsì sí? Ó ní ẹsẹ̀ yín náà ni, ẹ wà lẹ́yìn àga, ẹ ń yọ́ wò mí.

Ó ti yà mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ mi, èmi ni mo fi ẹ́kìsì sí ara mi.

Lónìí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, ìyá rẹ ń pariwo lórí aṣọ, ilé ti rí bí ilé. Tíṣà sì tún fún mi ní fọ́ọ̀mù tuntun, mo kà á dé òpin lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fọwọ́ kan bírò.

Ó wá ku owó, torí o mọ̀ pé lẹ́tà bàbá láìsí owó nínú rẹ̀, àìsàn ló ń kọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, owó páànù ni mo fẹ́ béèrè. Jẹ́ kó jò. Ọmọ náà ti yàwòrán rẹ̀, ó sì dára bó ṣe ń jò yẹn. Fi owó ọ̀dà ránṣẹ́, pupa, búlúù, yẹ́lò, àti bébà tó nípọn, kí ègé pákó mi lè sinmi. Bí ó bá ṣẹ́ kù, fi owó ọṣẹ lé e fún ìyá rẹ. Kí o sì wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ojú fóònù.

Mo fi ẹṣin rẹ ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, mo wé e nínú aṣọ tí ìyá rẹ fi pa á mọ́. Ègé èédú kan wà níbẹ̀, Ọlọ́wọ́dúdú ló ṣà á fún ọ, ó ní èyí tó rọ̀ jù ni. Bá mi ya ojú ẹṣin náà padà. Bí o bá sì rí àyè, sọ fún mi nípa ìyẹ́ yẹn. N kò bi ọ́ nígbà náà. Níbo ni ẹṣin náà ń fò lọ?

Ohun tí ọwọ́ rẹ bá dáwọ́ lé, kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọmọ rẹ yóò jù ọ́ lọ, ìwọ náà yóò ju èmi lọ, n kò sì ní bínú. Ìwọ yóò dàgbà, wàá rí ẹni béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.

Bí o bá yí pákó náà padà, wàá rí ọ̀dà dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Má nù ún. Àtàńpàkò mi ni. Kì í ṣe pé n kò mọ̀wé o, tíṣà ló là á yé mi, ó ní ohun tí àwọn òbí yẹn ń sọ ni pé àwọn rí i, ó sì dùn mọ́ àwọn.